Àgbọ̀n Tó Há àti Iyán Ìyá Mi

Bí o bá ń jẹun tí nǹkan kan ń dún kọ́ọ́ lẹ́bàá etí rẹ, má fi rẹ́rìn-ín. Èmi fi rẹ́rìn-ín. Mo máa ń pe àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n wá gbọ́ ọ. N ó la ẹnu, n ó pa á dé, yóò dún, wọn yóò sì hó yèè. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́, kíláàsì kẹta ni mo ń kọ́, ẹnu yìí sì ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé bí mo bá ń pe ọmọ lórúkọ, ẹni tó wà lórí òkè Olósùnta á dáhùn. Mo kọ èyí sílẹ̀ fún ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé oríkèé àgbọ̀n rẹ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kí o lè mọ ohun tí mo ṣe tí kò yẹ kí n ṣe. Apá kan níbẹ̀ dùn mí ju àgbọ̀n náà lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìyá mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò yé ènìyàn láìsí i. Ìsẹ̀ ni ìyá mi ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kó tó kú. Fẹ́mi, àbúrò mi ọkùnrin tó ń dáko, ló ń bá a gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí etí ìyá mi ti di. Bí ẹlòmíràn bá ń bá a sọ̀rọ̀, á kàn máa mi orí ni, kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi nìkan ni ó ń gbọ́. N ó jókòó síwájú rẹ̀, orúnkún á kan orúnkún, n ó la ẹnu gbàgà, n ó máa pariwo ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí etí rẹ̀ kò bá gbé, ojú rẹ̀ á kó o lẹ́nu mi. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ. Ó ti máa ń fi iyán sílẹ̀ dè mí. Bí mo ti ń jẹ ẹ́ ni n ó máa ro gbogbo ìròyìn ọ̀sẹ̀ fún un, ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kó jáde. Fẹ́mi máa ń sọ pé èmi ni rédíò Yèyé.

Ohùn kọ́ọ́ yẹn tó sáà ilé-ìwé kan gbáko kí ìrora tó dé. Etí ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé kòkòrò kó sí mi létí, mo lọ sí kẹ́mísì, wọ́n fún mi ní oògùn tí mo ń kán sí i. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí, ó sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn. Bí mo bá jí láàárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á ti rẹ̀ mí bí ẹni pé egungun ni mo fi gbogbo òru rún. Búrẹ́dì lásán di iṣẹ́ ńlá. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní eyín ni. Èmi náà gbà pé eyín ni. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ eyín, wọ́n yọ ọ̀kan nínú èrìgì, ìrora kò lọ. Mo padà lọ, wọ́n yọ èkejì. Eyín méjì tí kò ṣẹ̀ mí ni mo fi ṣòfò báyẹn. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín rẹ títí wọn yóò fi ní kí o la ẹnu kí o pa á dé, tí wọ́n á sì fi ìka kan ẹ̀bá etí rẹ bí o ti ń ṣe é.

Nígbà tí eyín ti lọ tí ìrora kò lọ, Àǹtí Bọ́sẹ̀ dìde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, Èmùré ló ń gbé, ó sì fẹ́ràn mi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó wọlé, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní, "Ìyàwó, àìsàn tí kò lórúkọ, ilé Ọlọ́run là á gbé e lọ." Mo wo ojú ọkọ mi. Bàbá Tósìn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní àdúrà kì í pa ènìyàn. Bí mo ṣe tẹ̀ lé àǹtí lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan nìyẹn. Ọkùnrin náà dijú, ó gbọn orí, ó ní, "Obìnrin àgbà kan ni. Oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ ló ń dí ọ lẹ́nu. Má jẹ ẹ́ mọ́."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sì nílò kó dárúkọ. Obìnrin àgbà mélòó ló ń fún mi lóúnjẹ? Mo bú sẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà. Àǹtí Bọ́sẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú." Kí a tó dé Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ìsẹ̀. Ìyá mi gbé iyán wá, ó bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó fi ẹja gbígbẹ sè sí i. Ó ní, "Uyán rè é o, wá jẹun kó tó tutù." Ohun tí n kò tíì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni rí nìyí: àgbọ̀n dùn mí lọ́jọ́ náà, àmọ́ ó ń là. Mo lè jẹ iyán yẹn. Mo wò ó títí, mo wo ọwọ́ ìyá mi, mo fi ìdérí dé àwo náà. Mo ní n kò jẹ. Ó rò pé òun kò gbọ́ dáadáa, ó yí etí sí mi. Mo la ẹnu gbàgà bí mo ti máa ń là á, mo pariwo, "Mi éè jẹ, Yèyé!"

Èyí tó gbọ́ nìyẹn. Ó wò mí lójú, ó wo àwo, ó gbé e, ó wọlé lọ. Ní ilẹ̀ wa, ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ bá kọ oúnjẹ rẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ti rí i tí wọ́n ṣe é fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹyin lohùn, mo sì ti jù ú sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo sọ fún ara mi pé Sátidé tó ń bọ̀, n ó jẹ iyán ẹni méjì, n ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí n tó kúnlẹ̀ bí obìnrin, n ó bẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo jí, mo mú búrọ́ọ̀ṣì kí n fọ ẹnu, búrọ́ọ̀ṣì kò wọlé. Mo rò pé oorun ni. Mo tún tì í. Ẹnu mi kò là ju ìbú ìka kan lọ. Bàbá Tósìn dé, ó ní, "Ìyá Tósìn, la ẹnu." Mo ní mo là á. "Là á dáadáa." Mo ní mo ti là á. Ọ̀rọ̀ náà ń gba àárín eyín jáde ni. Ojú ọkọ mi yí padà. Aládùúgbò wa kan wọlé, ó bèèrè bóyá ìṣó gún mi lẹ́sẹ̀, nítorí wọ́n ní ìṣó a máa ti ẹnu ènìyàn pa títí yóò fi kú. Èmi tí mo ní ẹnu tó tó ogún ènìyàn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń sunkún, n kò lè la ẹnu sunkún náà.

Síbẹ̀ mo lọ sí Ìsẹ̀ ní Sátidé. Mo jókòó síwájú ìyá mi, orúnkún kan orúnkún. Mo ń sọ̀rọ̀, ó ń wo ètè mi, ètè kò yà. Ó yíjú sí Fẹ́mi, ó ní, "Kí ni ó ń wí?" Fẹ́mi pariwo, ó fọwọ́ kan àgbọ̀n ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan tèmi, ó ṣe bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ há. Ìyá mi ń mi orí. Mo mọ orí mímì yẹn. Ó dìde, ó rán ọmọ aládùúgbò níṣẹ́, ọmọ náà sì padà pẹ̀lú búrẹ́dì inú ọ̀rá àti ohun mímu inú ìgò tí a kò tíì ṣí. Ìyá mi gbé méjèèjì lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Jẹ èyí. Ọwọ́ mi éè sí ńbẹ̀."

Búrẹ́dì náà, n kò lè jẹ ẹ́. Ó jókòó tì mí, ó sì rí i pé n kò jẹ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé-ìwòsàn ní Adó. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí a ó ti kúrò ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní kì í ṣe àìsàn ìṣó, a dúpẹ́. Àmọ́ wọn kò mọ ohun tó jẹ́. Àwọn elétí ní kí n lọ bá àwọn eléyín, àwọn eléyín ní kí n lọ bá àwọn eléegun, ìlà sì wà ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kì í rí ààyè lórí ìlà. Obìnrin kan gé mi kọjá lẹ́ẹ̀mẹta ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, ó ń sọ pé òun ti wà níwájú mi láti àná. Ká ní ara mi dá ni, ọ̀rọ̀ tí ǹ bá sọ fún un, kò ní tíì tán títí di òní.

Ògì ni mo ń fi sítíróò fà láàárọ̀, ògì lọ́sàn-án. Aṣọ mi ń tóbi sí mi lọ́rùn. Ní kíláàsì, mo ń kọ ọ́ sójú pátákó, mo ń fi rúlà kan tábìlì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ náà dákẹ́. Nítorí pé mò ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn náà ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ilé òkú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dẹ́rù bà mí.

Nígbà tó yá, dókítà kan fi ìka méjì kan iwájú etí mi, ó ní kí n là á, kí n pa á dé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kì í ṣe eyín, kì í ṣe etí. Oríkèé àgbọ̀n ni. Ó ní ohun kan wà láàárín egungun méjì níbẹ̀ tó dà bíi tìmùtìmù, òun ló yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ tó dínà. Ó ní kí n lọ rí àwọn físíò. Mo rò pé ó ṣì mí gbọ́. Àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ni mo mọ̀ mọ́ físíò. Mo dé ibẹ̀, lóòótọ́, àwọn bàbá àgbà ni wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọ̀pá. Ọ̀kan nínú wọn kí mi, ó ní, "Ẹsẹ̀ wo ni tìrẹ?" Mo fi ọwọ́ kan ẹnu. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní kí n má bínú.

Bádé ni ọmọkùnrin tó tọ́jú mi ń jẹ́. Kò ju ọjọ́ orí àbúrò mi lọ, Mọ́mì ló ń pè mí. Ó ní kí n to ìka ara mi lóròó, kí n tì wọ́n sí àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ó ní ìka mẹ́ta ló yẹ kó wọ ẹnu àgbàlagbà. Ọ̀kan ló wọ tèmi, èékánná sì ń ha eyín. Ó fi aṣọ gbígbóná lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé àtàǹpàkò lé eyín ìsàlẹ̀ mi, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ń fà á síwájú. Omi ń bọ́ lójú mi, itọ́ ń bọ́ lẹ́nu mi, mo jókòó bí ọmọ ọwọ́. Ó kọ́ mi ní èyí tí n ó máa ṣe nílé níwájú dígí: kí n fi orí ahọ́n kan àjà ẹnu, kí n máa la ẹnu díẹ̀díẹ̀, kí n sì rí i pé àgbọ̀n ń lọ tààrà, kò wọ́ sápá kan. Ó ní n kò gbọdọ̀ dojú bolẹ̀ sùn mọ́, n kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n bí mo bá jókòó. Ó tún ní, "Eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ò gbọdọ̀ kanra àyàfi tẹ́ ẹ bá ń jẹun."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni mo rò pé ó rọrùn jù. Mo délé ni mo rí i pé gbogbo ìgbà ni mo ń pa eyín pọ̀. Bí mo bá ń ka ìwé àwọn ọmọ, mo ti pa á pọ̀. Bí ọkọ mi bá pẹ́ níta, mo ti pa á pọ̀. Ní Sátidé, bí ọkọ̀ bá ti yà sí ọ̀nà Ìsẹ̀ báyìí, wọ́n á ti so pọ̀ gírígírí. Bádé tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ ń rò tí ibí fi le báyìí?"

Àwọn ará ilé kò sì jẹ́ kí n sinmi. Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbé òróró wá. Ẹnìkan ní kí n máa fi òkúta gbígbóná jó o. Aládùúgbò wa ní orógbó ni kí n máa jẹ, pé líle ló ń ṣí líle. Mo bu orógbó jẹ ní ìkọ̀kọ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré, gbogbo ohun tí Bádé ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣí sì tún tì. Ó wọ̀n ọ́n, ó wo ojú mi, kò bínú. Ó ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá ń lọ sí físíò, mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí o kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, ọ̀sẹ̀ mìíràn sì wà tí wàá padà sẹ́yìn. Mo sunkún nínú ọkọ̀ Adó ju bí mo ti sunkún níbi òkú bàbá mi lọ.

Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, mi ò pa Sátidé kan jẹ. Búrẹ́dì inú ọ̀rá, ìgò tí a kò ṣí. Mo ní kí Fẹ́mi bá mi ṣàlàyé fún un, ó sì gbìyànjú títí ohùn rẹ̀ fi há. Etí ìyá mi sì ń di sí i. Èyí tó yé e nínú rẹ̀, ó fi fèsì fún Fẹ́mi pé, "Ẹni tí ó dé àwo ni ó yẹ kí ó ṣí i."

Nígbà tí ẹnu mi gba ìka méjì, Bádé ní mo lè jẹ iyán bí mo bá ń gé e kékeré bíi wóró ẹ̀wà. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta kó dá mi lójú. Sátidé yẹn, mo sọ fún Fẹ́mi pé kó sọ fún Yèyé pé iyán ni mo fẹ́. Ó fọwọ́ ṣe bí ẹni ń gúnyán, ó nàka sí mi. Ìyá mi wò mí pẹ́. Fẹ́mi ló gún un, ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣù ú. Ó gbé e síwájú mi, ó bu ọbẹ̀.

Mo ti ń na ọwọ́ nígbà tó fi ọwọ́ tirẹ̀ dá mi dúró. Ó fa àpótí, ó jókòó síwájú mi, orúnkún kan orúnkún. Ó fọ ọwọ́. Ó bu òkèlè kan láti inú iyán mi, ó fi run ọbẹ̀ mi, ó gbé e mì, ó sì la ẹnu gbàgà sí mi kí n rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó ní, "Mo ti jẹ ńbẹ̀. Jẹun."

Ohun tí à ń ṣe fún àlejò nìyẹn, ẹni tí kò mọ̀ wá, pé a tọ́ omi wò kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. N kò rí ìyá tó ṣe é fún ọmọ rí. Mo ní, "Yèyé, dárí jì mí." Mo sọ ọ́ bí agbára mi ti mọ. Ó wo ètè mi, ó sì mi orí rẹ̀. Mo jẹ iyán náà, wóró ẹ̀wà lé wóró ẹ̀wà, títí ó fi tutù tó sì le, mo jẹ ẹ́ tán pátápátá. Kò gbójú kúrò lára mi.

Bí ara mi ti rí lónìí nìyí. Ìka méjì àti ààbọ̀ ló ń wọ ẹnu mi. Ó ṣì ń dún. Bí òtútù bá mú, ó ń ro mí dé ọrùn, mo sì ti sọ ó dìgbóṣe fún àgbàdo sísun. Mo ti padà sí kíláàsì, àmọ́ n kò lè pariwo mọ́, àwọn ọmọ sì ti mọ̀. Bádé ní ó lè má ju báyìí lọ. Má fi eyín rẹ ṣòfò, má bu orógbó jẹ, má pẹ́ kí o tó lọ sọ́dọ̀ físíò. Bí wọ́n bá sì sọ fún ọ pé oúnjẹ ẹnìkan ló ń ṣe ọ́, jọ̀wọ́, jẹ oúnjẹ náà.

Ààbọ̀ ìka kan ló kù. Mo ń wá a níwájú dígí láràárọ̀ kí àwọn ọmọ mi tó jí. Kì í ṣe torí àgbàdo ni mo ṣe ń wá a, kì í sì í ṣe torí kíláàsì. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí Yèyé kò gbọ́ lọ́jọ́ iyán yẹn ni mo fẹ́ fi sọ, ìyá mi sì ń dàgbà.

Ní Sátidé tó kọjá, ó tún fa àpótí rẹ̀ wá. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó gbé e mì, ó sì la ẹnu sí mi kí n wò ó. Mo wò ó. Ó là gbàgà, ju tèmi lọ.